Àjàrà Elijah

Nínú ìjọ Aládùúrà wa lẹ́bàá Olódò, ọdọọdún la ń wàásù lórí àjàrà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fojú kàn án rí. Wòlíì Ọládòṣù gan-an máa ń ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni ń ṣàpèjúwe ìyeyè. Ìdí nìyí tí Elijah Ògúnsanwó fi di ẹni ńlá lọ́dún 1988, nígbà tí òyìnbó Ítálì tó ń bá ro ọgbà ń relé, tó sì fún un ní ẹ̀ka àjàrà funfun kan.

Òyìnbó ní Píkólìtì lorúkọ àjàrà náà, pé ó ṣọ̀wọ́n nílé àwọn pàápàá. Kì í so púpọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá sá èso rẹ̀ sóòrùn kí a tó fún omi rẹ̀, ọtí dídùn tí àwọn olówó ń mu lẹ́yìn oúnjẹ ló ń dà. Elijah, tí kì í fẹnu kan ọtí, gbọ́ gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ ọtí.

Ọdún márùn-ún ló fi tọ́jú rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Nígbà tó so, Elijah dìde láàrin ìsìn, ó ṣèlérí pé èso inú Bíbélì yóò wà lórí tábìlì ìkórè. Ìdì kọ̀ọ̀kan kò ju hóró mẹ́wàá lọ. Àwọn ará ìjọ béèrè bóyá àjàrà náà ń gbààwẹ̀ ni.

Elijah sá èso náà sórí àpáta bí òyìnbó ṣe wí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ làfún Mùjíbátù, aládùúgbò rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nítòsí ní í bá gbogbo ènìyàn kó ohun tí wọ́n sá, ì báà jẹ́ ti ọ̀tá rẹ̀. Òjò ṣú, Elijah wà lóko. Mùjíbátù kó o. Ó rí i pé èso náà ti hunjọ, àánú ṣe é, ó rẹ ẹ́ sínú ìkòkò làfún, ó dé e, ó sì lọ kí àbúrò rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ìkórè ló tó padà dé. Elijah ti wá èso náà títí, ojú rẹ̀ ti jìn. Wọ́n ṣí ìkòkò: ó ń hó láìsí iná.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí.”

“Mo bá ọ rẹ ẹ́ ni. Tọ́ ọ wò. Mùsùlùmí lèmi.”

Elijah tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò, kó lè dá a lójú. Ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ó sì gbé e lọ sí ìjọ.

Wòlíì ló kọ́kọ́ gbà á mu, lẹ́yìn náà àwọn àgbà, ní ife kékeré kékeré. Ìwàásù ọjọ́ náà kò ju ìṣẹ́jú méje lọ. Ìyá Ọmọ́ṣọlá, tí orúnkún ti ń yọ lẹ́nu láti ọdún mẹ́ta, jó yí ilé ìsìn po lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí.

Níkẹyìn, Wòlíì pe Elijah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Kí lo fi sí i?”

“Oòrùn ni, Bàbá.”

 Wòlíì ní Elijah ti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, pé kó gbin ẹ̀ka méjì sí i. Ní ti ìyókù inú ìkòkò, kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá òun, òun yóò gbàdúrà sí i.