Ọdún Tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Fi Gba Ara Rẹ̀ Lọ́wọ́ Gbèsè

Nínú àṣà tiwa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, bó ti wù kí ẹni náà kéré tó. Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ mi ni mo ti sọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé mo rò pé afẹ́fẹ́ Toronto yìí máa gbé e lọ lọ́jọ́ kan. Lójúkojú, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, má kọ 'wọ́n' síbẹ̀ o. Ẹni tó bá kà á á rò pé arúgbó ni mí." Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "ó." Òun ló ní kí n rí i fín.

Nọ́ọ̀sì ni. Èmi ò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìwé kíkà ń gbà lára èèyàn, torí pé ìṣojú mi ló ṣe ka tiẹ̀. Inú fúláàtì wa ní North York ló ń gbé nígbà náà. Ó máa ń lẹ orúkọ eegun ara mọ́ ara fíríìjì, débi pé tí mo bá ń wá tòmátò, eegun ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Ó máa ń pọn ọmọ rẹ̀, á máa tẹ ẹ̀bà, á máa kàwé sókè. Bàbá ọmọ náà wà ní Ìbàdàn, wọn ò tíì fún un ní físà títí di báyìí.

Owó tí ìjọba yá a ló fi lọ sílé ìwé yẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló gba irú owó bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹnu máa ń dùn nígbà tí èèyàn bá ń gbà á. Ìgbà tó bá tó àtisan lojú máa ń là. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí tán nígbà tó gbọ́ pé ìjọba máa ń fi gbèsè ilé ìwé ji àwọn tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí ìlú nílò gan-an, bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n bá gbà láti lọ ṣe é ní ìlú kéékèèké tí òṣìṣẹ́ ti wọ́n. Tó o bá lo ọdún kan gbáko níbẹ̀, wọ́n á pa apá kan gbèsè náà rẹ́. Tó o bá tún lo òmíràn, wọ́n á tún pa apá mìíràn rẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún gbọ́dọ̀ pé. Tó o bá fi í sílẹ̀ láàárín, ìwọ àti gbèsè rẹ lẹ jọ máa padà wálé.

Ọkọ mi ò gbà á gbọ́. Ilé ìkẹ́rùsí ni òun ń ṣiṣẹ́ ní Bolton, kò sì sẹ́ni tó fi nǹkan kan jì í rí níbẹ̀. Ó ní, "Ìjọba wo? Níbi tí a ti wá, tí ìjọba bá rántí orúkọ ẹ, ẹ̀rù ló yẹ kó bà ẹ́."

Òótọ́ ni o. Àfi ìgbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ojú ìwé ìjọba hàn án lórí fóònù ló tó dákẹ́. Èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba tó lè sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé, "Wá bá wa tọ́jú àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ lọ tọ́jú, àwa náà á bá ọ gbé ẹrù orí rẹ sọ̀," ìjọba náà mọ ojú èèyàn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dí i lọ́wọ́. Ìlú tó rí iṣẹ́ sí, lápá àríwá níbi tí bọ́ọ̀sì ń fi ọjọ́ kan rìn dé, kò ní daycare tó lè gba ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó lọ, wọ́n sì ti ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pa. Ọmọ náà, obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun ò lọ mọ́.

Mo ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Èmi náà ń tọ́ ọmọ ọwọ́ nílé. Ọwọ́ tó ń wẹ ọ̀kan á wẹ méjì."

Ó ní, "Ìyàwó mi, ọdún kan kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan o."

"Ṣé mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ máa lọ."

Ó lọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ló máa ń pe fóònù kí ó lè rí ojú ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jọ kọrin, ọmọ á fi ṣíbí rẹ̀ hàn án, á fi bàtà rẹ̀ hàn án, á sì sá lọ bá eré rẹ̀. Nígbà tó yá, èmi ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní Mommy. Mo máa ń ní, "Auntie ni mí." Á ní, "Okay, Mommy." Mi ò sọ ìyẹn fún ìyá rẹ̀.

Àárín òtútù ni ibà mú ọmọ náà, etí ló ń dùn ún. Dókítà fún wa ní oògùn, ó ní kó má dẹ́rù bà wá. Ọkọ mi pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ló sì kó wa sí wàhálà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bínú sí mi. Màmá ní, "Ẹ má sọ fún un o! Ẹni tó wà lájò, a kì í ránṣẹ́ àìsàn sí i. Ẹ jẹ́ kí ara ọmọ yá ná."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pè, ọkọ mi ní, "Ó ń sùn." Ó pè ní ọjọ́ kejì. "Áà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni." Ó tún pè, ọkọ mi tún ní ó ń sùn.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Yorùbá lèmi náà. Nígbà tí Bàbá kú, tí mo ń pè láti ibí, kí lẹ sọ fún mi? Ṣebí 'wọ́n ń sùn' lẹ sọ."

Mo já fóònù gbà. Mo sáré gbé e lọ síwájú ọmọ tó ń jẹ kọ́nfilẹ́kì, ibà ti lọ, ojú rẹ̀ kàn pọ́n díẹ̀ ni. "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó, ó wà láàyè, ó ń jẹun!"

Ó ń sunkún. "Ìyẹn fóònù ni. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń bọ̀ nílé, mi ò ṣe mọ́."

Ọdún ò tíì dé ìdajì. Mo mọ̀ pé tó bá fi lè wọ fúláàtì wa, kò ní padà lọ, gbogbo òtútù tó ti jẹ á sì jẹ́ àjẹgbé. Mo ní, "Ẹ bẹ ọ̀gá yín kó fún yín ní ìyókù ọ̀sẹ̀ yìí kẹ́ ẹ fi rò ó. Ẹ má wá. Èmi ni màá gbé e wá."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó jẹ́ pé Pickering lo jìnnà dé jù láti ọjọ́ tó o ti dé Canada?"

"Ìwọ ṣáà gbé wa dé ìdíkọ̀, kó o sì pa ẹnu ẹ mọ́."

Mo pọn ọmọ mi, mo fa tirẹ̀ lọ́wọ́, a wọ bọ́ọ̀sì. Òkúta, igi, adágún tó ti dì gbagidi, òkúta, igi. Nígbà tí a dé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dúró sínú yìnyín. Mo rò pé ọmọ á fò mọ́ ọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sá sẹ́yìn mi, ó di kóòtù mi mú. Mo rí i bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe yí. Kò fà á o. Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín kí ojú wọn lè dọ́gba, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yọjú. "Are you phone Mommy?"

"Èmi ni, ìyá mi. Èmi ni Mommy inú fóònù."

Ọmọ náà na ìka kan, ó fi kan imú ìyá rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá oúnjẹ ṣì gbóná. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú apá rẹ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ṣe bí ẹni ń wá àpò mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú wa lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó létí odò. Mo jókòó sí pálọ̀ wọn, mo ń wò ó. Bàbá kan wà níbẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́, agégi ni wọ́n nígbà tí ara ṣì wà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé oògùn lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì, òyìnbó obìnrin onírun funfun, rí i pé ẹnu yà mí. Ó jókòó tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá yẹn rò pé ó ti dákú ni. Wọ́n pariwo, wọ́n fẹ́ gbé e dìde, àwọn fúnra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyá àgbà kan tẹ aago, gbogbo èèyàn sáré dé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nílẹ̀, ó ń ṣàlàyé pé bí àwọn ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà nílé àwọn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìjà làwọn arúgbó náà ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. Bàbá agégi tó máa ń tutọ́ oògùn dànù tẹ́lẹ̀ kì í tutọ́ mọ́.

Nígbà tí mo bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ní, "Kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan. Wọ́n máa ń tẹrí ba. Téèyàn bá dúró, irun orí wọn nìkan ló máa rí. Tí mo bá kúnlẹ̀, mo máa ń rí i bóyá wọ́n gbé e mì, mo sì máa ń rí i tí wọ́n bá ti sunkún."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ò tíì sọ tán. Ó ní kí n bá òun bẹ nọ́ọ̀sì òun kó má lọ. Ó ní ọmọbìnrin kan, olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú náà lọ́sẹ̀ yẹn. Òun náà jẹ gbèsè ilé ìwé, ìjọba sì ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ kún àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ fi gbèsè jini. Wọ́n ti ṣí yàrá tí wọ́n tì pa. Àyè wà fún ọmọ náà.

Ẹ wo nǹkan! Gbèsè ẹnì kan ló wá ṣílẹ̀kùn fún gbèsè ẹlòmíràn. Ẹni tó ronú irú nǹkan yìí, mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, mo súre fún un.

Inú mi ò kàn dùn tán ni. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fọ abọ́ nínú yàrá tó háyà, kò wojú mi. "Ìyàwó mi, tí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, ṣé wàá bínú?"

"Èmi? Lórí ọmọ yín?"

"Dáhùn."

"Màá sunkún. Mi ò ní bínú."

"Ọ̀kan náà ni."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ dúró kí ọdún yín pé. Tẹ́ ẹ bá fi lè sá wálé, ẹkún tí mo máa sun á di òfo."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ dì mọ́ mi. Ọjọ́ tí a máa lọ, ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Bye-bye, Auntie." Auntie! Mo sun ẹkún náà láti ibẹ̀ títí a fi kọjá adágún kẹta. Ọmọ mi ń wò mí bí ẹni ń wo fíìmù.

Ọdún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ níbẹ̀ pé lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti pa apá kìíní gbèsè náà rẹ́ lóòótọ́; ọkọ mi bá a wo ojú ìwé náà léraléra kó tó gbà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ní òun máa lo òmíràn níbẹ̀, torí pé bàbá agégi ní àwọn ò ní gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tó dúró. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, mo ní, "Ẹ gbé fóònù fún ọmọ mi."

Ó ní, "Ó ń sùn."

Mo lọgun, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ẹ gbé fóònù lọ síbẹ̀ kí n rí i!"

Ó rẹ́rìn-ín títí, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó. Ó yí fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó yanu sílẹ̀, ó ń hanrun, ẹsẹ̀ kan wà níta bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ó bá mi fà á bò ó.