Fúyẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ Akínfẹ́mi Èṣùbíyì

Akínfẹ́mi Èṣùbíyì kì í da nǹkan nù. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé iṣẹ́ GRA bá ti gbé sẹ́yìn ilé kí òjò máa pa á, á lọ bẹ ọlọ́dẹ wọn, á gbé e sínú kẹ̀kẹ́, á sì gbé e wá sí Uselu bí ẹni gbé aláìsàn wálé. Ẹ̀yìn ọjà Uselu, níbí ní Benin, ló ń gbé pẹ̀lú Ìtùnú ìyàwó rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni. Yàrá ẹ̀yìn kún fún kọ̀ǹpútà dé àjà. Ìtùnú a máa sọ pé bí òun bá kú, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ tẹ́ òun sínú ilé yẹn, nítorí kò sí àyè.

Èmi ni Ọlájídé. Báńkì kan náà ni èmi àti Akínfẹ́mi ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, títí di ọdún 2006 tí àwọn báńkì ń para pọ̀, tí wọ́n fún àwa méjèèjì ní lẹ́tà lọ́jọ́ kan náà pé ká máa lọ sílé. Èmi sáré wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba, torí mo fẹ́ràn owó oṣù. Akínfẹ́mi ní òun ò sin ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ibẹ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Àwọn èèyàn á gbé kọ̀ǹpútà tokunbo tí wọ́n rà ní New Benin wá, wọ́n á ní ó ti di ìgbín, pé àwọn tó tà á fún wọn ní káwọn lọ ra òmíràn. Akínfẹ́mi á tú u, á rí i pé kò sóhun tó ṣe é. Windows tuntun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló wúwo jù fún un. Ó ní agbára ẹ̀rọ náà ò tíì tán, ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí ló pọ̀ jù.

Bó ṣe dáwọ́ lé Fúyẹ́ nìyẹn. Kí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lè bá mi lọ: nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, òun ló ń jí i, òun ló ń gbọ́ ohun tí èèyàn bá tẹ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan. Linux jẹ́ òmíràn, tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Akínfẹ́mi á lọ jókòó ní káfè ní Uselu, á fi wákàtí méjì fa ẹyọ kékeré kan sílẹ̀, á gbé e wálé, á gé e, á fá a, á yọ gbogbo ohun tí kò pọn dandan, títí tó fi máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998. Èyí tó kù yẹn ló sọ ní Fúyẹ́. Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń hàn lójú rẹ̀. Ẹnì kẹta wa ni Ṣèyíọlá, tíṣà kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní New Benin, tó ní kọ̀ǹpútà àlòkù méjìlá àti ọgọ́ta ọmọ tó ń dúró dè wọ́n. Sátidé la máa ń pàdé. Èmi àti Akínfẹ́mi lè fi oṣù kan jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ àgbà á yọjú, á wo Yorùbá tí mo fi òógùn kọ, á ní, "Daddy, who go use this one for Benin?" Bàbá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Èmi á fajú ro.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun méjì yìí, torí àwọn ló bà wá jẹ́. Àkọ́kọ́, síídì tí a máa ń kọ Fúyẹ́ sí kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni. Àwọn oníṣòwò tí Akínfẹ́mi ń bá ṣe, tí kọ̀ǹpútà bá ti bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á pa á. Nítorí náà ó ṣe é pé kí èèyàn ṣáà ti ki síídì bọ̀ ọ́, kó sì tan ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń jí, síídì á ka ení, èjì dé ọgbọ̀n, kí ẹni tó bá fẹ́ yí ọkàn padà lè pa ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà á nu háàdì mọ́ tónítóní, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, á sì gbé Fúyẹ́ sórí rẹ̀. Háàdì àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kéré, torí náà bí méjì bá wà nínú ẹ̀rọ kan, á nu méjèèjì. Ìkejì, kíkó Fúyẹ́ jọ máa ń gba odindi ọjọ́ kan, NEPA kì í sì í fún wa ní odindi ọjọ́ kan. Akínfẹ́mi bá ṣètò ẹ̀rọ tirẹ̀ pé bí iná bá ti dé, kó tan ara rẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n ni méjèèjì. Èmi gan-an yìn ín.

Ní Sátidé kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, a ti parí Fúyẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọjọ́ Ajé ni Ṣèyíọlá fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà méjèèjìlá. Akínfẹ́mi kọ síídì mẹ́fà, ó dán méjì wò láàárọ̀, ó wá lọ tún ẹ̀rọ kan ṣe fún lọ́yà kan ní GRA. Ìtùnú àti àwọn ọmọ ti lọ sí ìpàdé ìjọ. Ó ku èmi nìkan ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń ki síídì mẹ́rin yòókù bọ inú ẹ̀rọ Akínfẹ́mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣeé kà. Kò séwu nínú ìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ ti wà ní títàn. Èyí tó kẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀ tí NEPA fi mú iná lọ.

Láìsí iná, ẹnu ibi tí síídì ń wọ̀ kì í ṣí. Akínfẹ́mi ní wáyà tín-ínrín kan tó fi kọ́ sórí ìṣó lára ògiri fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tì í bọ ihò kékeré kan níwájú ẹ̀rọ, síídì á sì jáde. Mo rí wáyà náà. Ṣùgbọ́n ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Èkìtì ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni akọ̀wé, wọ́n sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bí iná bá dé, Akínfẹ́mi á yọ ọ́. Mo tilẹ̀kùn, mo lọ.

NEPA dá iná padà ní nǹkan bí aago méjì. Kò sẹ́nì kankan nílé. Ẹ̀rọ náà tan ara rẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ, ó bá síídì lẹ́nu rẹ̀, síídì ka ení, èjì dé ọgbọ̀n, ó sì ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Nígbà tí Akínfẹ́mi wọlé ní aago mẹ́rin, ohun tó bá lójú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kọ síbẹ̀: "Ó ti parí. Ẹ kú iṣẹ́."

Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ló lọ. Ẹ̀dà tó tọ́jú pamọ́ wà lórí háàdì kejì nínú ẹ̀rọ kan náà, Fúyẹ́ sì ti nu ìyẹn náà. Àwọn síídì wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n síídì dà bí ọbẹ̀ tó ti jinná: èèyàn lè jẹ ẹ́, kò lè tú u padà sí ata àti ẹja. Ṣèyíọlá gbé e sórí kọ̀ǹpútà méjìlá lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó ṣiṣẹ́ lórí mẹ́jọ, mẹ́rin kọ̀. Tẹ́lẹ̀, Akínfẹ́mi ì bá ti tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní báyìí, gbogbo ohun tó fi ń tún un ṣe ti parẹ́.

Ìpàdé ni mo ṣì wà nígbà tó fi pè mí, mo ń kọ orúkọ àwọn tó wá. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, ó wá ní, "Jídé, síídì wà nínú ẹ̀. Ṣé ìwọ lo fi síbẹ̀?"

Mo ní, "Rárá o. Mo yọ gbogbo ẹ̀ kí n tó jáde."

Mi ò ro ó kí n tó sọ ọ́. Ó ṣáà jáde lẹ́nu mi ni. Akínfẹ́mi ní, "Á jẹ́ pé èmi ni."

Mo rò pé á bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, á ṣépè fún NEPA, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́ sí i. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Kò tíì ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ìkòkò sórí iná, lẹ́yìn náà ó gbàgbé ọ̀nà ilé, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó kú, ó bi Akínfẹ́mi pé ọmọ ta ni. Akínfẹ́mi ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ́dún 2010. Ó ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ tipẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rántí dáadáa pé òun yọ síídì tí òun dán wò láàárọ̀. Síídì sì wà nínú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ohun tí òun rántí kì í ṣe ohun tí òun ṣe. Bó ṣe rò ó nìyẹn, kò sì sí àṣìṣe nínú ìrònú rẹ̀, àyàfi irọ́ tí mo fi sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí ìwé. Ó lẹ ìwé mọ́ sítóòfù, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn. Á jáde nílé, á dé ọ̀nà, á padà wá wò ó bóyá òun tilẹ̀kùn, á tún jáde, á tún padà. Ó dá kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà padà fún wọn láìtún un ṣe, ó ní òun ò fẹ́ nu nǹkan ẹni ẹlẹ́ni. Ṣèyíọlá wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí sà jọ̀ọ́ tún un bẹ̀rẹ̀, òun á máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Akínfẹ́mi fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé orí tí kò lè gbé síídì kan láti àárọ̀ dé ọ̀sán ò lè gbé irú iṣẹ́ yẹn. Nígbà tó yá, onílé ẹ̀kọ́ ta kọ̀ǹpútà méjèèjìlá fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ìtùnú mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà bi í ní ìbéèrè, ó yẹ orí rẹ̀ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Akínfẹ́mi ní bí wọ́n ṣe sọ fún bàbá òun náà nìyẹn níbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo rí. Mi ò yé lọ sí ilé rẹ̀ ní Sátidé. Lóṣù àkọ́kọ́, irọ́ ló ń tì mí lójú. Nígbà tó di ọdún kejì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ló wá ń tì mí lójú, ìyẹn sì burú ju irọ́ náà lọ. Mi ò níí purọ́ pé mi ò ráyè sọ ọ́. Ojo ni mí, òun ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Lọ́dún 2013, Ìtùnú wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní ọkọ òun ti dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Ó fẹ́ lọ máa gbé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, òun nìkan, torí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun ò bá mọ̀ wọ́n mọ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ìtùnú sunkún níwájú tábìlì mi lójú gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́, pé èmi nìkan ló kù tí ọkọ òun máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe kúrò níbi iṣẹ́, mo gba Uselu lọ. Ọmọ rẹ̀ àgbà ló ṣílẹ̀kùn fún mi. "Uncle, good afternoon. Daddy dey back." Wọ́n ti kó gbogbo kọ̀ǹpútà kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Akínfẹ́mi jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀, báàgì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi bírò sààmì sí orúkọ ẹrù tó kọ sórí ìwé.

Mi ò jókòó. Mo ní, "Akin, èmi ni mo fi síídì yẹn sínú ẹ̀rọ. Iná lọ, mo ń kánjú, mi ò yọ ọ́. Nígbà tó o pè mí, irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó bi mí pé ìkelòó nínú àwọn síídì náà ni, mo ní èyí tó kẹ́yìn. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Èmi yọ tèmi," ó ní. "Mo yọ ọ́, mo fi í sínú páálí ẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì. Bí mo ṣe rántí ẹ̀ nìyẹn."

"Bó o ṣe rántí ẹ̀ náà ló rí."

Ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́ta, Jídé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rù orí ara mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń sunkún náà ló ń pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbọ́.

Ìtùnú sáré wọlé, ó rò pé ohun tí wọ́n ti ń retí ló dé. Akínfẹ́mi ní kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, bó bá sì gbá mi létí, mi ò níí bínú. Kò bú mi. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Bọ̀dá Jídé," ó ní, "ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ tó gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo wà á lọ, èmi ni mo wà á bọ̀. Mo tiẹ̀ jókòó pẹ̀lú wọn níwájú dókítà, mo ń gbọ́ bí Akínfẹ́mi ṣe ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, kí dókítà lè mọ̀ pé òun ṣì rántí wọn.