Bèbè Odò tí Kánsẹ́lọ̀ Titus Dá Sí

Nígbà tí wọ́n dìbò yan Titus Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ní kánsẹ́lọ̀ ní Ìnísà lọ́dún 1956, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìbò fún un. Káfíńtà ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ṣèlérí fún wọn pé odò Ọtìn kò ní máa gbẹ mọ́ lásìkò ọyẹ́. Kò sì fi ìlérí náà tàn wọ́n jẹ. Ó mọ ohun tó ń gbẹ odò: àwọn àgbẹ̀ ti gé gbogbo igi ẹ̀bá rẹ̀ tán, ilẹ̀ sì ń ya wọnú omi lọ́dọọdún.

Kò pẹ́ tí kánsù Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù fi pawọ́ pọ̀ yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò tún bèbè odò náà ṣe. Titus wà lára wọn. Mọ́ṣúdù Àjíṣafẹ́, oníṣòwò kòkó láti Ìkìrun, ni alága. Ìjọba fún wọn ní ọmọ igi àti òṣìṣẹ́ igbó kan tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà. Ibi tí wọ́n bá ti gbin igi, oko ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ dé Ìnísà, ọmọ igi tó kù kò tó fún bèbè méjèèjì. Ni ìgbìmọ̀ bá lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Oko iṣu ìdílé Titus wà lápá kan. Lódìkejì, Àtọ́kẹ́ ló ń dáko níbẹ̀, opó tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Nígbà tí Titus wà lọ́mọdé tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ìkòkò ọbẹ̀ Àtọ́kẹ́ ni Titus ti ń jẹun.

Òṣìṣẹ́ igbó yíjú sí Titus. "Kánsẹ́lọ̀, ẹ̀yin lẹ ni ibí. Apá wo ló ń ya jù nígbà òjò?"

Titus mọ̀. Òjò tó kọjá ti gbé odindi poro ebè kan lọ nínú oko tiwọn. Ó wo ewé iṣu tó ń gun ọ̀pá, ó ro ohun tí àwọn àbúrò rẹ̀ yóò sọ. Ó na ọwọ́ sódìkejì.

"Apá ọ̀hún ni," ó ní.

Àtọ́kẹ́ dúró síbẹ̀ tòun ti ọkọ́ rẹ̀. Ó kàn ń wo Titus títí tí ìyẹn fi gbójú kúrò. Bí wọ́n ṣe kan èèkàn sínú oko rẹ̀ nìyẹn. Kí òjò tó dé, ó ti kó padà sí Ìgbayè, ìlú bàbá rẹ̀. Titus ló bá a wá ọkọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀. Ó rò pé ìyẹn yóò mú ọkàn òun fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Igi náà yè. Wọ́n ń dúpẹ́ nítorí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá sì ti dárúkọ Titus, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Nídìí iṣẹ́, á wọn pákó tán, á tún gbàgbé ohun tó wọ̀n.

Lọ́dún tí a gba òmìnira, òjò kan rọ̀ bíi pé kò ní dá mọ́. Bèbè apá oko Titus ya lulẹ̀, ó sì wó afárá onípákó tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ kan náà. Túnráyọ̀, ìyàwó ilé tó ń ti odò bọ̀, wà lórí afárá náà. Wọ́n rí i fà yọ, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Títí di òní, ó ń tiro.

Ìgbìmọ̀ pàdé ní Ìkìrun. Àjíṣafẹ́ mí kanlẹ̀. "Òjò ló fà á. Kí la tún fẹ́ sọ sí i?"

Titus dìde. "Kì í ṣe òjò, alága. Èmi ni. Apá tiwa ló ń ya látìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì parọ́."

Àjíṣafẹ́ wò ó títí.

"Kánsẹ́lọ̀, ẹ jókòó. Ìbò ń bọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pe gbogbo wa lónírọ́ ni?"

Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Titus ti múra sílẹ̀ de ìbáwí. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbayè. Ó bá Àtọ́kẹ́ níbi tó ti ń pa èkùrọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, Kánsẹ́lọ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò. Titus lẹ máa ń pè mí."

Titus jẹ́wọ́ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Àtọ́kẹ́ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀ ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ilẹ̀ yín tó ń ya. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró, mò ń wo ẹnu yín. Mo ní, yóò sọ ọ́. Mo ní, mo bọ́ ọmọ yìí, yóò sọ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin kò sọ ọ́, Ìyá?"

"Ta ni yóò gbọ́ tèmi níbi tí kánsẹ́lọ̀ ti sọ̀rọ̀?"

Titus ní òun yóò fún un ní oko tiwọn. Àtọ́kẹ́ wá gbójú sókè.

"Ilẹ̀ tó ń ya náà lẹ fẹ́ fún mi? Ẹ lọ gbin igi síbẹ̀."

Ó gbìn ín. Ó wa iṣu ìdílé kúrò, Àkànjí àbúrò rẹ̀ sì bínú dé ibi pé kì í dá a lóhùn mọ́. Nígbà tí ìbò dé, Titus kò jáde. Àtọ́kẹ́ kò sì padà sí Ìnísà.

Ó kú lọ́dún 1965. Titus lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Láníkẹ́, ọmọ olóògbé, tíṣà ní Ìbàdàn, rí i, ó fà á lọ́wọ́ síwájú àwọn àlejò.

"Ẹ wá wo kánsẹ́lọ̀ tó mú kí Ìnísà rómi pọn," ó ní. "Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ wọn láìdáa rí."

Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó sì jókòó tì í títí ó fi tutù.