Onígbàjámọ̀ Méjì Nínú Yàrá Kan

Nígbà kan, kò sí onígbàjámọ̀ tó dà bí Ọwọ́-Òwú ládùúgbò wa. Èèyàn á jókòó sórí àga rẹ̀ tán, oorun á ti gbé e lọ kí abẹ tó dé ìpàkọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Ọtí ló ba ọwọ́ náà jẹ́. Ó kọ́kọ́ ń mu ún lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó yá, bí kò bá mu ún kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ewé.

Lọ́jọ́ kan, ó fi abẹ gé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ létí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, kàkà kó bẹ̀ ẹ́, ṣe ló ní àna òun ló mi orí. Ọkùnrin náà fi ìnura di etí mú, ó gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ.

Kí Ọwọ́-Òwú tó ti ibi tó lọ mutí dé, ìyàwó rẹ̀ ti kó gbogbo abẹ àti ẹ̀rọ ìgẹrun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo, ìyẹn ló sì ba ọkọ lẹ́rù jù.

“Ẹ lọ wá àwọn tó máa bá yín jáwọ́ nínú ọtí,” ló wí. “Bí ẹ ò bá ní lọ, ẹ wá ibòmíràn sùn.”

Ọwọ́-Òwú bú u, ó bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bú ìdílé wọn látòkèdélẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù tó ń sùn sí, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Akọ̀wé bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, akọ̀wé wá tún un sọ sókè, gbogbo èrò yíjú sí i. Ó ti ń bínú jáde lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan lé e bá lẹ́nu ọ̀nà, tó sọ fún un pé àwọn kan tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, àti pé wọn kì í béèrè orúkọ. Kàkà kó dúpẹ́, ó bi í bóyá òun náà ń mutí ni. Nọ́ọ̀sì ní rárá, bàbá òun ló mu ún, ó sì ti kú.

Nígbà tí Sátidé dé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà wọlé. Ta ló ń to àga? Dígí-Mẹ́ta ni, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń gbá irun síwájú ilé ara wọn, tí wọn kì í kíra.

“Kí lo wá ṣe níbí?” Ọwọ́-Òwú bi í.

“Ohun tí ìwọ náà wá ṣe.”

“Màá sọ fún gbogbo kọ́sítọ́mà ẹ.”

“Sọ ọ́. Wọ́n á bi ọ́ níbi tó o ti rí mi.”

Ọwọ́-Òwú fa àga kan sọ́dọ̀. Ó jókòó. Awakọ̀ kan sọ̀rọ̀, ó sunkún, Ọwọ́-Òwú sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, ọtí ń rùn níbẹ̀. Nígbà tó kan Dígí-Mẹ́ta, ó ní ìdí tí òun fi ra dígí mẹ́ta sí ṣọ́ọ̀bù ni pé kí àwọn èèyàn lè máa wo ara wọn, kí wọ́n má bàa wo ọwọ́ òun. Inú bí Ọwọ́-Òwú. Ìlara dígí yẹn ni kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀ láti ọdún yìí wá.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Dígí-Mẹ́ta dá a dúró.

“Má dá ọtí dúró lójijì láìgba oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. O lè kú, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo pa ọ́.”

Ọwọ́-Òwú gba oògùn, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ kó padà sílé. Ó ń lọ sí ìpàdé ní gbogbo Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó sá. Nígbà tó yá, ó kí àna rẹ̀ lójú títì, ìyẹn ò jẹ́ ẹ. Ló bá padà sídìí ìgò. Nígbà tí wọn ò rí i lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dígí-Mẹ́ta wá a wá sílé, ó dúró sí pálọ̀, ó sì ń bú u kíkankíkan débi pé ìyàwó fẹ́ gbèjà ọkọ rẹ̀. Ọwọ́-Òwú dìde ìjà. Wọ́n bú ara wọn gba títì lọ, nígbà tí wọ́n máa fi rántí wo ibi tí wọ́n wà, ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó.

Ìyàwó Ọwọ́-Òwú ti dá abẹ padà fún un. Ọwọ́ náà ti balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sùn lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Àna rẹ̀ ti wá ibòmíràn fárí. Ọwọ́-Òwú àti Dígí-Mẹ́ta kì í kíra ní títì.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin aránṣọ kan wá sí ìpàdé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbọ́ bí àwọn onígbàjámọ̀ méjèèjì ṣe ń jágbe mọ́ra wọn, ó wá bi Ọwọ́-Òwú bóyá irú èèyàn báyìí lè ran òun lọ́wọ́.

“Mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni níbí,” ló fi dá a lóhùn. “Àmọ́ ọ̀sẹ̀ tí mi ò bá wá ni mo máa ń mutí.”

Obìnrin náà wá àga tó jìnnà sí i jù, ó jókòó síbẹ̀.