Bí Ọmọ Mi Obìnrin Ṣe Fi Ọkọ̀ Onílé Gbé Mi Yí Ireland Ká

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa lẹ́yìn Ìkirè, kò sí ohun tó ń mú orí mi wú tó lọ́rì tó ń wá kó kòkó. Bí a bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lókè odò, gbogbo ọmọdé á ti dà sójú ọ̀nà kí ó tó yọ. Àwọn yòókù ń wo ọkọ̀, èmi ń wo awakọ̀. Ọkùnrin kúkurú kan ni, kì í pariwo. Igi ńlá méjì péré la tẹ́ sórí odò wa ṣe afárá, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún táyà òsì. Kí ó tó gorí rẹ̀, yóò dúró, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fẹsẹ̀ tẹ igi méjèèjì wò, yóò wá padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lójú tèmi, ọba kan kò tó ọkùnrin yẹn. Mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ awakọ̀ ni n ó ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kó kòkó tó wà lórí ẹní wọlé, òjò ti ń ṣú.

Mo sì ṣe iṣẹ́ náà. Ogójì ọdún ni mo fi wa lọ́rì, láti Ìbàdàn dé Kano, láti Èkó dé Maiduguri. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìwé mi yìí, kì í ṣe ìtàn lọ́rì ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ìtàn ọkọ̀ kan tí n kò fọwọ́ kan sítíárìn rẹ̀ rárá ni.

Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún mi, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ Sunday, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń kọ́ àwọn ọkùnrin ní ọkọ̀ wíwà nínú àgbàlá wa. Ara wọn kò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni ọkàn wọn wà. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin yìí, tí kò ì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ní, “Bàbá, ẹ kọ́ èmi náà.” Mo ní, “Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń wa lọ́rì? Wọlé lọ bá ìyá rẹ.” Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sunkún. Ó padà sídìí ẹ̀gúsí tó ń bó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò tún rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọmọ yẹn ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Dublin báyìí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó ní òun kò ní fi mí sílẹ̀ kí n máa dá gbé, ó sì mú mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Clonsilla, àdúgbò kan níbẹ̀. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Òun ló ń kó àwọn arìnrìn-àjò láti ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sí lọ sẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ó bí ọmọbìnrin kan síbí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí mo bá sọ Yorùbá sí ọmọ náà, kò sí èyí tí kì í gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin ló fi ń dá mi lóhùn. Ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n tún túfọ̀ fún mi ni.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, ọmọ mi gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀ Saturday kan, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ọkọ̀ funfun gàgàrà kan níwájú ilé. Mo yọjú wọ inú rẹ̀, háà! Ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, tábìlì tí wọ́n ń ká pọ̀ bí ìwé wà níbẹ̀. Ilé ni, ọkọ̀ ni.

“Bàbá, ẹ lọ di ẹrù yín,” ọmọ mi wí. “A fẹ́ yí Ireland ká.”

Mo bi í pé, “Ta ni yóò wa ọkọ̀ yìí?”

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sókè. “Èmi ni, sà.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, àyà mi já. Bọ́ọ̀sì pápákọ̀, ojú kan náà ló ń lọ, tó ń bọ̀. Ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkè àti etí òkun, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo lọ di ẹrù mi.

Iwájú ló fi mí sí. Ẹ sì mọ̀ pé ní ìlú yìí, apá ọ̀tún ni sítíárìn wà. Apá òsì tí èmi jókòó sí, ibẹ̀ gan-an ni mo fi ogójì ọdún jókòó sí nílé, tí sítíárìn ń bẹ lọ́wọ́ mi. Bí ọkọ̀ kan bá ti yọ níwájú, ẹsẹ̀ mi á ti kanlẹ̀ gbì! Bí a bá dé kọ́nà, ọwọ́ mi á ti na síwájú. Ọmọ-ọmọ mi rí mi láti ẹ̀yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní kò sí bíréèkì lọ́dọ̀ Grandpa o. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn rọra dín eré kù.

Ohun tí mo rí lẹ́nu ọ̀sẹ̀ méjì yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí n kò ní gbàgbé. Ní etí òkun Galway, atẹ́gùn ń mi ọkọ̀ wa bí ẹni ń gbọn ẹní, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi dúró lórí sítóòfù kótópó yẹn, ó ń ro ẹ̀bà fún wa, ọbẹ̀ ata sì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó gbé ọkọ̀ onílé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ó wá béèrè ohun tó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi bu tirẹ̀ fún un. Òógùn bo ọkùnrin náà láti orí dé ọrùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata tó jẹ, kò sì gbé abọ́ sílẹ̀. A bi í bóyá ó ta jù. Ó ní “grand”, ìyẹn ni pé ó dára. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń dáhùn ohun gbogbo níbí nìyẹn: bí ara ẹni bá le, “grand”, bí ẹnu ẹni bá ń jó, “grand”. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹja mẹ́rin wá fún wa nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wò wọ́n, mo pariwo. Ẹja Táítọ́sì ni! Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, inú yìnyín ni mo ti ń rí i, ní líle bí igi. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i tí ara rẹ̀ ń dán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilà bí aṣọ òkè, tí òkun ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo dúró wò ó títí ọmọ-ọmọ mi fi ya fọ́tò mi pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Donegal ló mú mi kọ ìwé yìí.

Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè, tóóró ni, ọkọ̀ kan péré ló gbà. Ògiri òkúta wà lápá ọ̀tún wa. Lápá òsì, lọ́dọ̀ tèmi, bí mo bá yọjú lójú fèrèsé, òkun ni mo ń rí nísàlẹ̀ réré. A ṣẹ́ kọ́nà kan báyìí, katakata kan yọ sí wa, ó ń fa koríko gbígbẹ tó ga ju ilé lọ, ọkọ̀ méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè padà. Àwa la máa padà. Ibi tó fẹ̀ díẹ̀ tí a lè yà sí ti wà lẹ́yìn wa, a ó fi ẹ̀yìn gun òkè, a ó tún fi ẹ̀yìn ṣẹ́ kọ́nà kí a tó dé ibẹ̀.

Mo tú bẹ́líìtì mi. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kí n máa darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ojú mi. Kí ni mo fẹ́ fi rí ọ̀nà?

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ọmọ mi wí. Kò jágbe. “Ẹ di bẹ́líìtì yín padà, sà.”

Mo jókòó. Ó pa rédíò. Ó yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó wo dígí ọ̀tún, ó wo dígí òsì, ó fi jíà sí ẹ̀yìn, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bí ìgbín. Ọmọ-ọmọ mi di ẹ̀yìn àga mi mú. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ara rẹ̀: “Má wo ibi tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Ibi tí o fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ lọ ni kí o máa wò. Díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ kò sá lọ.”

Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ mi ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an, bí mo ṣe ń sọ ọ́ nínú àgbàlá wa.

Ó ṣẹ́ kọ́nà yẹn, táyà kò kan òkúta, kò sún mọ́ bèbè. Ó yà sí ibi tó fẹ̀, ó dúró. Katakata kọjá, àlàfo tó wà láàárín wa kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bàbá àgbẹ̀ tó ń wà á gbé ìka kan ṣoṣo sókè lórí sítíárìn rẹ̀. Bí àwọn ará oko ibẹ̀ ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn. Ẹ má fojú kékeré wo ìka kan yẹn o. Awakọ̀ ló ń kí awakọ̀.

Ìgbà tí gbogbo wọn kọjá tán ni ọwọ́ ọmọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo wo ọwọ́ náà, mo sì mọ̀ pé awakọ̀ gidi ni mo bí. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti gbọ̀n ṣáájú.

“Níbo lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ò ń sọ yẹn?” mo bi í.

“Lẹ́nu yín ni, sà. Nígbà tí ẹ ń kọ́ àwọn bùrọ̀dá mi. Èmi ń bó ẹ̀gúsí, mo sì ń gbọ́.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ mi níbí, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìdánwò.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú tì mí. Mo mú ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, mo ní, “Mo ṣẹ̀ ọ́. O bẹ̀ mí kí n kọ́ ọ, mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Dárí jì mí.”

Mo rò pé yóò ní kò sí nǹkan kan, bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ṣe máa ń sọ fún àgbà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ó dùn mí, Bàbá. N kò ní purọ́ fún yín. Ó dùn mí fún ọdún púpọ̀.” Ó wá fi orí rẹ̀ lé mi léjìká. “Ṣùgbọ́n ó ti tán. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.”

Ọmọ-ọmọ mi na orí wá sáàárín wa láti ẹ̀yìn, ó béèrè bóyá mò ń sunkún. Mo ní atẹ́gùn òkun ni. Ó ní gíláàsì òdìkejì nìkan ni wọ́n ṣí. Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí à ń padà sí Dublin, òjò winniwinni ń rọ̀. Ní gbogbo ogójì ọdún tí mo fi wà lójú títì, n kò sùn rí nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà. Kódà nínú ọkọ̀ òfurufú tó gbé mi wá, ojú mi là sílẹ̀ kedere títí a fi balẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a kò tíì kúrò ní Sligo tán tí mo fi sùn. Wọ́n ní mo hanrun. Ìró ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá ní Clonsilla ló jí mi, ọmọ mi ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ti da aṣọ bò mí, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń dúró kí n jí fúnra mi.

Ayé ti yí o. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ṣe dáadáa fún mi, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò sọ fún mi rí pé òun ṣẹ̀ mí. N kò sì retí rẹ̀. Nígbà tiwa, bàbá kì í jẹ̀bi. Bí ó bá tilẹ̀ mọ̀ nínú ara rẹ̀, ó lè ra ẹran wálé lọ́jọ́ kejì, kí ó fún ọ ní èyí tó tóbi, ọ̀rọ̀ parí. Mo mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, mo sì fi í tọ́ àwọn tèmi. Ọmọ-ọmọ mi yìí yóò dàgbà, yóò rò pé bí gbogbo bàbá ṣe ń ṣe nìyẹn, pé bí wọ́n bá ṣẹ ọmọ, wọ́n á di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọ́n á sì sọ ọ́. Kò ní mọ̀ pé ó ṣòro. N kò ní sọ fún un.