Ọjọ́ Tí Ìjọba Wá Wo Ilé Àbúrò Mi ní Kumasi

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Aṣiata, ọmọ mi obìnrin, ló bá mi gbé àpò dé gáréèjì. Kòńgò èlùbọ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ata gígún àti aṣọ kan tí mo rà fún àbúrò mi. Ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra ni Aṣiata ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi kí Rahama."

Rahama ni ọmọ Mulikat, àbúrò mi ọmọ ìyá, tó ti ń gbé ní Kumasi nílẹ̀ Gánà láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Oṣù kan náà ni a bí Rahama àti Aṣiata. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì ló sì yege. Ilé ìwé gba Aṣiata, a kò rí owó rẹ̀ san, ó ti wà nídìí irun dídì láti ọdún tó kọjá. Ní ti Rahama, Mulikat fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé ìjọba ibẹ̀ máa ń rán ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní lọ́wọ́ lọ sílé ìwé, àti pé orúkọ Rahama ti wà lára àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ohùn náà. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé àárò àbúrò mi ń sọ mí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gbé mi dìde. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bóyá irọ́ ni.

Mo sùn ní Èkó, mo sì wọ bọ́ọ̀sì Accra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ibodè mẹ́ta la kọjá, ẹsẹ̀ la sì fi rìn kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Àgbádárìgì ni dírẹ́bà wa, Wasiu ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ lọ tà ní Gánà?"

"Mi ò ta nǹkan kan. Àbúrò mi ni mo fẹ́ lọ kí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n ló ń rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta lọ kí àbúrò? Ìyá, nǹkan ń bẹ níbẹ̀ o!"

Mo kọjú sí fèrèsé.

Láti Accra dé Kumasi, àádọ́jọ sìdì owó Gánà ni mo san. Ọ̀nà náà dára níbi kan, níbòmíràn wọ́n ń fẹ̀ ẹ́, eruku pupa bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọlọ́pàá dá wa dúró. Níbi tí a ti sọ̀ jẹun, mo ra wààkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pẹ̀lú ewé ọkà bàbà títí tó fi pọ́n. Ogún sìdì ni, pẹ̀lú ẹyin kan. Àwa náà ń se ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà nílé, ṣùgbọ́n a kì í fi ewé sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé girama, gbogbo wọn gé irun wọn mọ́lẹ̀. Nílé wa, irun orí ọmọ ló máa sọ fún ọ bóyá ìyá rẹ̀ rí owó onídìrí lọ́sẹ̀ yẹn. Níbẹ̀, èèyàn kò lè mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Ó dùn mí pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Rahama ló wá pàdé mi ní gáréèjì Kejetia. Ó kúnlẹ̀ sínú èrò.

"Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, akwaaba! Ó ti rẹ̀ yín paa."

Akwaaba ni ẹ káàbọ̀ lédè Twi. Paa ni gan-an, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí Rahama sọ tí kò fi paa dí i nídìí. A wọ bọ́ọ̀sì kékeré akérò tí wọ́n ń pè ní trotro, ó gbé wa dé Tafo, àdúgbò wọn.

Agboolé ni ilé wọn, àwọn yàrá kọjú síra wọn yí àgbàlá ká. Ọkọ Mulikat ti kú láti ọdún mẹ́rin, abọ́ rọ́bà ni Mulikat ń tà lọ́jà, yàrá méjì ló sì ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ yàrá òde, àga onítìmùtìmù mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, aláwọ̀ pupa dúdú, àti fáànù onídùúró. Inú mi ṣókùnkùn. Àga onígi méjì ni mo ní nílé, ẹsẹ̀ ọ̀kan sì ti yẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí irú èyí ni ìjọba fẹ́ ràn lọ́wọ́?

"Muli, ilé rẹ dára," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ló ṣe é." Kò wò mí lójú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ ṣe àlùwàlá. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Maame Akosua jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó kọjú sí ti Mulikat, orí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ló wà. Àárín Yorùbá ló dàgbà sí, ó gbọ́ èdè wa díẹ̀.

"Àlejò, ẹ káàárọ̀. Àga mi, ó rọ̀? Ìdí yín gbádùn?" Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má sọ pé mo sọ o."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Yàrá náà ṣófo. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ àga ti tẹ rọ́bà ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣì hàn gbangba. Mo kà á: mẹ́rìndínlógún. Nítorí mi ni Mulikat ṣe yá àga. Nílé wa, ẹni tó bá lọ sí Gánà, wọ́n gbọ́dọ̀ bá a nínú ọlá. Àwọn ilé tí àwọn tó ti Gánà bọ̀ kọ́ ṣì wà ní àdúgbò wa tí a ń tọ́ka sí. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn, ó ní fáìlì lọ́wọ́, ó wọ awò ojú. Ìjọba ló rán an wá wo ilé àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa dé. Mo wo bàtà rẹ̀, eruku pupa ti bò ó. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti títì. Ibẹ̀ ni ìlara ti bù mí jẹ jù. Àwa náà kọ fọ́ọ̀mù fún Aṣiata, ẹ̀dà méjì, fọ́tò mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó rìn nínú oòrùn wá wo bí ìṣẹ́ wa ṣe tó.

Twi ni òun àti Mulikat ń sọ, Rahama ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà fi bírò tọ́ka sí àwọn àga. Mulikat wò mí kó tó dáhùn. Rahama dá ìtumọ̀ dúró.

"Kí ló wí?"

"Ó béèrè ẹni tó ni àga. Mọ́mì ní tiwa ni."

Ó béèrè fáànù. Tiwọn ni. Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó pa fáìlì dé. Mulikat jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Èmi ni Rahama ń wò, kò wo ìyá rẹ̀. Ó yé mi. Ọmọ kì í já ìyá rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò. Àbúrò ò sì lè sọ níwájú ẹ̀gbọ́n tó ti ilé wá pé òun tọrọ àga. Èmi nìkan ni mo lè sọ ọ́. Mo wo ọwọ́ mi. Nínú ọkàn mi mo ní, kí Rahama àti Aṣiata jọ máa dirun. Bí mo ṣe rò ó ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Ọkùnrin náà dágbére, ó lọ.

Rahama gbé ife tí ọkùnrin náà fi mu omi. "Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé kí n gbé omi ìwẹ̀ yín?" Kò sunkún. Kò sì sọ paa.

Mo dìde. Bàtà tèmi lẹ́sẹ̀ kan, ti Mulikat lẹ́sẹ̀ kejì, mo sáré dé títì. Mo bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń dúró de trotro. Òyìnbó tí mo kọ́ ní ilé ìwé girama ni mo fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, àga yẹn kì í ṣe tiwọn. Wọ́n yá a nítorí mi. Èmi ni àlejò."

Ó wò mí. "Ìyá, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo béèrè."

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó," ni mo wí.

Nígbà tí a padà dé, mo dúró láàárín yàrá. "Muli, ọmú kan náà la mu. Gbé àga fún ẹni tó ni ín."

Mulikat fi ìborùn bo ojú. Maame Akosua ló ké láti àgbàlá: "Ẹ gbé e wá o! Korobá ti gé mi ní ìdí!"

Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bá wa gbé àga kan. Nígbà tí a kó wọn tán pẹ̀lú fáànù, ẹní kan ló kù, àpótí ìjókòó kan, àti páálí abọ́ rọ́bà. Ó wò ó pẹ́, ó fa ìlà lórí ohun tó ti kọ, ó tún òmíràn kọ. Kò ṣèlérí kankan.

Orí ẹní la ti jẹ àmàlà ọ̀sán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tú mi fó," ni Mulikat wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó bu òkèlè, ó dá a dúró lọ́wọ́. "Ẹ ò tètè tú mi fó."

A jẹun tán.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ ni ohùn Mulikat dé sórí fóònù mi: orúkọ Rahama ti jáde. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé èèyàn lè ṣe ohun tó tọ́, kí inú rẹ̀ má sì dùn. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Aṣiata gba àpò lórí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, ṣé wọ́n mú un?"

"Wọ́n mú un."

"Alhamdulillah!" Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pè é lójú ẹsẹ̀, mo sì gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì nínú ilé. Mo dúró síta lẹ́bàá kẹ́ẹ̀gì omi, mo ń fọ ẹsẹ̀ mi tó ti mọ́, kí wọ́n má baà pè mí wá kí i kú oríire.