Yétúndé Kẹta

Òórùn ọ̀dà tútù ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹbí wa ní Lakowe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akunlé kan wà lórí àkàsọ̀, ó ń kọ orúkọ sára ògiri: Yétúndé Kìíní, Yétúndé Kejì. Ó kù kí ó kọ ẹ̀kẹta. Ẹbí fẹ́ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ àwọn obìnrin tó gbé orúkọ náà ga. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, torí irọ́ ni ẹ̀kẹta.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà èwe mi, ọ̀sà ń wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Èéfín ẹja yíyan kì í kúrò lára aṣọ wa. Bí a bá wọ sọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, wòlíì á kọ́kọ́ sín kí ó tó ríran. Yétúndé Kìíní ló fi ọkọ̀ àjẹ̀ kó àwọn tí ogun ń lé kọjá ọ̀sà. Yétúndé Kejì ni ìyá bàbá mi, tó jókòó sílẹ̀ níwájú àwọn awọnlẹ̀ tó fẹ́ gba ilẹ̀ wa títí wọ́n fi ká okùn wọn. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni yóò jẹ́ ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ ni wọ́n bí mi. Ṣùgbọ́n wọn kì í yára kéde ikú àgbà. Wọ́n rọra sin ín sínú yàrá rẹ̀, wọ́n ní ara ìyá ò yá, wọ́n ń dúró de àkọ́bí rẹ̀ tó wà lájò. Bí wọ́n bá sọ mí ní Yétúndé, àṣírí tú. Wọ́n sọ mí lórúkọ mìíràn. Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ mi, ọjọ́ kẹsàn-án ìbí mi, ni wọ́n kéde ikú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta sí i, ìyàwó àbúrò bàbá mi bímọ. Ọmọ tirẹ̀ ló gba orúkọ.

Bàbá tó bí mi ń pe ọmọ náà ní ìyá, orí ẹja ò sì kọjá rẹ̀. Wọ́n fi í sílé ìwé, wọ́n ní ìyá kì í yan ẹja lẹ́ẹ̀mejì. Èmi dúró ti ààrò títí àbúrò màmá mi fi mú mi lọ sílé ìwé ní Ajah. Ìyá arúgbó tó wẹ òkú ìyá bàbá mi ló là á yé mi nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá. Ó ní kí n pa á mọ́ra. Mo pa á mọ́ra títí irun mi fi funfun.

Lọ́jọ́ tí akunlé ń kọ ògiri náà, mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Olórí ẹbí ní, “Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹni tó lè jẹ́rìí ti kú tán.” Yétúndé, tí wọ́n fi mọ́tò gbé wá láti Lẹ́kkí Phase 1, ò gbójú sókè.

Ó ní, “Mo mọ̀. Màmá mi sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ mi lónìí, kí ni kí àwọn ọmọ-ọmọ mi máa pè mí?”

Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n rí láti ọjọ́ tí a ti dáyé.

Akunlé ń wò mí, ọ̀dà ń kán sílẹ̀. Mo ní kí ó máa kọ ọ́ lọ. N kò dárí jì í o. Wọ́n ti da yanrìn dí ọ̀sà, ilé alájà ló wà níbi ààrò wa, orúkọ nìkan ló kù tí a lè fi mọ ara wa. Ẹ̀yin tí ẹ ó máa ka ògiri yẹn, ẹ máa rántí pé ẹnì kan jẹ́ Yétúndé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀.